Iná Ìríran àti Iná Ìfarahàn: Ìtàn Ààbò Atukọ̀ Òru ní Agbègbè Oko Ìbàdàn

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn iná àti àmì tí àwọn tó ń tu ọkọ̀ kékeré lálẹ́ ń lò wò, ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, pàápàá ní etí adágún Aṣéjirẹ. Ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ méjì ni iná ń ṣe lójú omi: ó ń jẹ́ kí atukọ̀ ríran, ó sì ń jẹ́ kí ẹlòmíràn rí atukọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni àwọn iná tó wọ oko Ìbàdàn láti ayé fìtílà amọ̀ títí di ayé tọ́ọ̀ṣì ń ṣe. Iṣẹ́ kejì ni òfin ojú omi àgbáyé tẹnu mọ́. Àpilẹ̀kọ náà dá a lábàá pé kí olùkọ́ fi ìyàtọ̀ yìí kọ́ àwọn ọmọ etí omi ní èdè wọn.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé òkùnkùn kì í jẹ́ kí ojú dá ènìyàn mọ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ lóru tí kò fọhùn, tí kò sì gbé iná lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ baálẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò tí a kò mọ̀ ni wọn yóò fi wò ó. Nítorí náà, ojúṣe ẹni tó ń rìn lóru ni láti fi ara rẹ̀ hàn. Lórí ilẹ̀, ẹni tó kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀ lè rí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù. Lójú omi, ó lè pàdánù ẹ̀mí rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ kò ní bíréèkì, ẹni méjì tó bá sì kọlu ara wọn lórí omi kò ní ilẹ̀ tí wọn yóò ṣubú sí.

Bí wọ́n bá dárúkọ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, oko ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn: oko kòkó, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀pẹ. Omi kì í tètè sọ sí wọn lọ́kàn. Síbẹ̀, odò ló la ilẹ̀ náà já, àwọn ìsédò tí ìjọba ṣe ní ọ̀rúndún ogún sì ti sọ apá kan rẹ̀ di ilẹ̀ apẹja. Àwọn ọmọ tó ń gbé etí omi wọ̀nyí wà lára àwọn tí olùkọ́ tuntun yóò bá pàdé ní kíláàsì. Ìdí nìyí tí ìtàn ààbò orí omi lóru fi yẹ fún àgbéyẹ̀wò.

Odò àti òru láyé àtijọ́

Odò Ọ̀ṣun ní ìlà oòrùn àti odò Ọnà ní ìwọ̀ oòrùn wà lára àwọn odò pàtàkì agbègbè Ìbàdàn. Àwọn odò kéékèèké sì pọ̀ láàárín wọn. Nígbà ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé fẹsẹ̀ là kọjá. Nígbà òjò, omi á kún dé ibi tí ẹsẹ̀ kò ti ní balẹ̀ mọ́. Ìwé ìrìn-àjò àwọn òyìnbó tó wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń sọdá odò ńlá: igbá títóbi ni ọkọ̀ wọn. Èrò á fọwọ́ di igbá náà mú, ẹni tó mọ odò lúwẹ̀ẹ́ á sì máa lúwẹ̀ẹ́ tì í lọ títí wọn yóò fi gúnlẹ̀. Ẹrù náà á sọdá lọ́nà kan náà.

Irú ìsọdá bẹ́ẹ̀ kò bá òkùnkùn mu. Ẹni tó ń ti igbá kò ní ọwọ́ tí yóò fi gbé iná, ìtùfù kò sì lè wẹ odò. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, etí odò ni èrò máa ń sùn. Ètò ìlú náà ti ìṣe yìí lẹ́yìn: ní àkókò ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú ní odi, odi ní bodè, oníbodè a sì máa ti bodè náà lálẹ́. Ẹni tó bá sọdá odò lóru kò ní rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un. Ààbò àkọ́kọ́ tí àwọn baba ńlá lò lórí omi lóru ni kí wọ́n má lọ rárá. Ìmọ̀ ni èyí, kì í ṣe ojo, a ó sì rí i níwájú pé òfin òde òní tún padà sídìí rẹ̀.

Ohun kejì tó gbà wọ́n ni pé odò kò fẹ̀. Ẹni tó wà ní etí ìhín lè pe ẹni tó wà ní etí ọ̀hún, kí ó sì dáhùn. Ohùn ni àmì wọn. Ibi tí ohùn bá dé, iná kò pọn dandan.

Iná tó wọ oko Ìbàdàn

Kí kẹrosíìnì tó dé, fìtílà amọ̀ ni wọ́n ń lò nínú ilé. Epo pupa tàbí àdín ni wọ́n ń bù sí i, òwú ni wọ́n sì ń ti bọ̀ ọ́. Fún ìrìn àárín oko, wọ́n a tan ìtùfù tàbí ògùṣọ̀. Ní àwọn ọdún 1850 ni wọ́n kọ́ bí a ṣe ń yọ kẹrosíìnì lára epo rọ̀bì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Èbúté Èkó ni ọjà yìí gbà wọlé, nígbà tí rélùwéè sì dé Ìbàdàn ní 1901, ó rọrùn láti kó o dé ìgbèríko. Fìtílà alágolo àti àtùpà onígíláàsì tí afẹ́fẹ́ kò lè tètè pa wá di ohun èlò ojoojúmọ́.

Lẹ́yìn èyí ni iná káábáìdì dé. Omi tó ń kán sórí káábáìdì ló ń mú gáàsì jáde, gáàsì náà ló sì ń jó. Àwọn ọdẹ ló mọ iyì rẹ̀ jù, nítorí pé wọ́n lè so ó mọ́ iwájú orí kí ọwọ́ wọn méjèèjì lè wà lára ìbọn. Tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì, tí wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1899, tẹ̀ lé e. Ní òpin ọ̀rúndún ogún, iná LED dé. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n bí ní Japan, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 fún iṣẹ́ tó mú kí irú iná funfun yìí ṣeé ṣe. Iná LED kì í jẹ bátìrì púpọ̀, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ débi pé àgbẹ̀ àti apẹja lè rà á.

Bí àwọn iná wọ̀nyí ṣe yàtọ̀ tó, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń ṣa ìgbín lóru ń wá ìgbín. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ ń wo ibi tí ejò wà. Iwájú ni wọ́n dojú iná kọ. Ti ọdẹ tilẹ̀ hàn jù: iná rẹ̀ ń dá ẹran lójú, kí ẹran má baà rí ẹni tó wà lẹ́yìn iná náà. Ọdẹ fi iná ríran, ó sì fi iná kan náà fara pa mọ́. Iná ìríran ni gbogbo wọn. Ogún ìmọ̀ yìí ni ọmọ oko gbé lọ sójú omi nígbà tí omi ńlá dé bá a nílé.

Omi tuntun: Ẹlẹ́yẹlé àti Aṣéjirẹ

Ní 1942, wọ́n sé odò Ọnà ní Ẹlẹ́yẹlé kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Ìlú náà tóbi ju omi yìí lọ láìpẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n sé odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjirẹ, tó tó nǹkan bí kìlómítà 30 sí ìlà oòrùn Ìbàdàn, ní ọ̀nà Ifẹ̀. Ètò ìpèsè omi náà parí ní 1972, ilé iṣẹ́ ìfọmimọ́ Aṣéjirẹ àti Ọ̀ṣégẹ̀rẹ́ sì ń fa omi nínú adágún yìí. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì bọ́ sí agbègbè adágún náà.

Ìyípadà tí ìsédò mú wá kọjá omi ẹ̀rọ. Odò tí ohùn ń là kọjá di omi fífẹ̀. Àfonífojì tó jẹ́ oko di ìsàlẹ̀ omi, bẹ́ẹ̀ ni nínú irú adágún báyìí kùkùté igi a máa wà lábẹ́ omi. Bí omi bá fà nígbà ẹ̀rùn, kùkùté tó jìn lánàá lè súnmọ́ òkè lónìí láìtíì yọ síta. Ẹja pọ̀ níbẹ̀, ìpẹja sì di iṣẹ́ gidi. Ọkọ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́ tàbí tí wọ́n fi pákó kàn, tí ẹni kan tàbí méjì ń fi àjẹ̀ tù, ni àwọn apẹja ń lò. Àwọ̀n a máa wọ omi ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n a sì lọ kó o kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìdí iṣẹ́ náà gan-an ló mú kí wọ́n wà lórí omi nígbà tí ojú kò ríran dáadáa.

Níhìn-ín ni ọgbọ́n àtijọ́ kò ti tó mọ́. Apẹja kò lè sọ pé òun kò ní lọ lóru, nítorí pé òru ni ẹja ń kó sáwọ̀n. Kò lè gbára lé ohùn nìkan, nítorí pé omi ti fẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹlòmíràn sì lè bo ohùn rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kò ga, orí àti èjìká rẹ̀ nìkan ló yọ sókè omi. Bí kùrukùru òwúrọ̀ tàbí ọyẹ́ bá bò ó, ẹni tó ń bọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì iwájú orí tó jogún lọ́wọ́ ọdẹ kò gbà á, nítorí pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè rí i.

Ohun tí òfin ojú omi àgbáyé fi kọ́ni

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Aṣéjirẹ nìkan. Nígbà tí ọkọ̀ onísítíìmù pọ̀ lójú òkun, ìkọlura òru pọ̀ sí i. Ní 1848, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ onísítíìmù gbé iná funfun sókè, kí ó gbé iná àwọ̀ ewé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ó sì gbé iná pupa sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ní 1863, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé fẹnu kò lórí òfin kan náà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì gbà á. Èyí tó wà lónìí ni Àdéhùn Àgbáyé lórí Òfin fún Dídènà Ìkọlura Lójú Òkun, tí wọ́n ṣe ní 1972, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977.

Òfin yìí ní kí iná wà láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di ìgbà tí yóò yọ, àti nígbà tí kùrukùru bá bo ojú. Àwọ̀ iná ẹ̀gbẹ́ ń sọ ibi tí ọkọ̀ dojú kọ. Ẹni tó bá rí pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ náà ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ òun. Ẹni tó bá rí pupa nìkan mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ náà ni òun ń wò. Iná funfun nìkan lè jẹ́ ìdí ọkọ̀ tó ń lọ, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ kékeré.

Òfin náà kò gbàgbé ẹni tó ń fọwọ́ tu ọkọ̀. Òfin karùndínlọ́gbọ̀n sọ pé ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ tù lè gbé iná bíi ti ọkọ̀ onígbòkun. Bí kò bá gbé e, kí tọ́ọ̀ṣì tàbí àtùpà tó ń tan iná funfun wà nítòsí ní títàn, kí atukọ̀ sì fi hàn ní àkókò tó tó láti dènà ìkọlura. Ọkọ̀ àgbẹ́gi apẹja àti káyáàkì, ọkọ̀ ẹlẹ́ni-kan tí àwọn ará Inuit ìhà àríwá ayé dá sílẹ̀ tó ti di ohun eré ìdárayá káàkiri ayé, wà lábẹ́ òfin kan náà. Ní ti ìró, ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 12 kò ní láti gbé agogo, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan tó lè dún ketekete.

Ó yẹ kí ó yé akẹ́kọ̀ọ́ pé òkun, àti omi tó so mọ́ òkun tí ọkọ̀ òkun lè wọ̀, ni òfin 1972 wà fún. Ọkọ̀ òkun kò lè dé adágún Aṣéjirẹ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú òfin náà kò ní ààlà: kí á má dúró kí ẹlòmíràn wá wa, kí á fi ara wa hàn án kí ó tó súnmọ́. Ohun tí òwe òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀ ń sọ gan-an nìyí.

Ojú, iná àti ìró

Lílo iná ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ojú ènìyàn ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ó tó mọ́ òkùnkùn lára dáadáa. Tọ́ọ̀ṣì funfun tó bá tàn sí ojú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Apẹja tó gbé àtùpà sí iwájú ọkọ̀, láàárín ojú rẹ̀ àti omi, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ojú ara rẹ̀: àtùpà náà ló ń rí, kì í ṣe kùkùté. Iná ìfarahàn gbọ́dọ̀ wà lókè orí atukọ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, lórí ọ̀pá kúkúrú, kí ara rẹ̀ má baà dí i, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má sì wọ ojú rẹ̀. Iná ìríran sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, kí ó máa tàn nígbà tí a bá fẹ́ lò ó nìkan. Kò dára kí á tàn án sójú ẹni tó ń tu ọkọ̀ bọ̀. Ara ọkọ̀ ẹni ni kí á tàn án sí, kí ẹni náà lè rí ìrísí ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìró gba àròjinlẹ̀ ní àwùjọ Yorùbá, nítorí pé èèwọ̀ ni kí ọmọdé súfèé lóru. Wọ́n a ní ejò ló ń pè. Olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ apẹja so fèrè mọ́ ọrùn lè dà bí ẹni tó ń tako ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ yìí ń jẹ́ kí òru dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà ló sì ń mú kí ìró fèrè ní ìtumọ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í súfèé lásán, fèrè kan tó dún lórí omi kò ní ṣeé fi wé eré. A lè kọ́ ọmọ pé súfèé fún eré ni èèwọ̀ kọ̀, fèrè fún ẹ̀mí kò sí lára rẹ̀. Fífọn ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún léraléra ní kúkúrú ni àmì àgbáyé fún iyèméjì: ó ń sọ fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ pé ohun tó fẹ́ ṣe kò yé ẹni tó fọn ọ́n. Fún ìpè ìrànlọ́wọ́, àmì SOS tí ìpàdé àgbáyé fọwọ́ sí ní ìlú Berlin ní 1906 ṣeé fi tọ́ọ̀ṣì ṣe: títàn kúkúrú mẹ́ta, gígùn mẹ́ta, kúkúrú mẹ́ta.

Ẹ̀kọ́ láti inú àjálù òde òní

Àjálù méjì tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí lórí odò Ọya, ní àríwá ilẹ̀ Yorùbá, fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó padà sí agbègbè Pàtígi ní Ìpínlẹ̀ Kwara dojú dé. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Ìròyìn sọ pé ìtì igi tó fara pa mọ́ sínú omi ni ọkọ̀ náà gbá. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2024, ọkọ̀ tó kó nǹkan bí 300 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, dojú dé nítòsí Gbajibo ní Mokwa, Ìpínlẹ̀ Niger. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé iná kan ṣoṣo ìbá ti gba gbogbo wọn. Èrò tó pọ̀ jù, àìwọ ẹ̀wù amúniléfòó àti òkùnkùn ló máa ń pa ọwọ́ pọ̀. Nítorí náà ni Àjọ Àbójútó Ọ̀nà Omi Abẹ́lé, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1997, fi ń kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ èrò pé kí wọ́n má ná ọ̀nà omi lóru. Ìkìlọ̀ yìí àti ìṣe àwọn èrò ayé àtijọ́ tó ń sùn sí etí odò jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó lè dúró di òwúrọ̀, kí ó dúró. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó dúró ni ọ̀rọ̀ iná kàn, kò sì yẹ kí ó fi iná rọ́pò ẹ̀wù amúniléfòó.

Iṣẹ́ tó délẹ̀ fún olùkọ́

Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ lè ṣe láìná owó púpọ̀. Èkíní, kí ó fún ìmọ̀ yìí ní orúkọ ní èdè Yorùbá. Àpilẹ̀kọ yìí dábàá "iná ìríran" àti "iná ìfarahàn", nítorí pé ohun tí kò ní orúkọ kì í pẹ́ lọ́kàn ọmọ.

Èkejì, kí ó ṣọ́ra fún àṣìmú. Ọ̀pọ̀ ọmọ mọ iná pupa àti iná àwọ̀ ewé láti ojú títì tàbí ojú irin. Rélùwéè tó dé Òṣogbo ní 1907 gba Lálúpọn ní Lágelú kọjá. Mọníyà ní Akínyẹlé sì ni ibùdókọ̀ ńlá ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èkó ní 2021. Lójú irin, pupa túmọ̀ sí dúró. Lójú omi, ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ ló túmọ̀ sí. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè máa retí kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró.

Ẹ̀kẹta, kí ó lo pápá ilé ìwé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, lójú òbí àti olùkọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí, kí òmíràn gbé iná funfun sórí ọ̀pá. Kí àwọn méjèèjì máa yí padà, kí àwọn yòókù sì sọ ìgbà tí wọ́n rí wọn àti ìgbà tí wọn kò rí wọn. Ẹ̀rí ojú yóò ṣe ju ìwàásù lọ.

Ìkádìí

Ìtàn tí àpilẹ̀kọ yìí tọ̀ fi hàn pé àwọn ará oko Ìbàdàn kò ṣaláìní ìmọ̀ ààbò. Ìmọ̀ wọn bá odò tóóró, bodè títì àti igbó ọdẹ mu. Omi ló yí padà lábẹ́ wọn láàárín ìran kan, iná tó sì wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ iná ẹni tó ń wá nǹkan. Adágún fẹ́ iná ẹni tó ń jẹ́ kí a rí òun. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n atukọ̀ òru nílò ojú tirẹ̀ àti ojú ẹlòmíràn. Iná funfun kan lórí ọ̀pá, fèrè kan ní ọrùn, àti olùkọ́ kan tó mọ ohun tí méjèèjì wà fún, kò pọ̀ jù fún abúlé etí omi kankan láti ní.